Àdó Ẹ̀tù Bàbá Àgbà: Ọjọ́ Márùn-ún ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ọjọ́rú, Ilé-Ifẹ̀

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọkọ̀ wa tó wọ Ifẹ̀. Ọyẹ́ ti mú, eruku ọ̀nà Ìbàdàn sì ti sọ irun orí mi di ti arúgbó. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Mayfair, mo gun ọ̀kadà lọ sílé Àǹtí lẹ́yìn Lágéré. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Nínú gbogbo ọmọ Bàbá Àgbà, àwọn nìkan ló ṣẹ́kù sáyé. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Wọn ò tíì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi ní, "Ṣé o mú un dání?"

Mo mú un dání. Mo tú aṣọ tí mo fi wé e, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n fi àtàńpàkò ra ojú rẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àdó ẹ̀tù ni, àdó tí wọ́n fi bàbà ṣe. Ó gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Ìdí rẹ̀ rí rogodo, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ lókè, gẹ́gẹ́ bí àdó tí àwọn babaláwo ń rọ ìyẹ̀fun oògùn sí. Àwòrán wà lára rẹ̀ níhà méjèèjì: ajá méjì tó ń gbóòórùn nínú koríko, àti ẹyẹ kan tó jọ àparò tó ń fò lọ lókè orí wọn. Òrùka kékeré méjì wà létí rẹ̀ tí èèyàn lè so okùn mọ́ láti fi kọ́ èjìká. Idẹ ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yọ síta bí ìka ọmọdé. Ara ẹnu yẹn ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí: 2¼, 2½, 2¾, 3. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ àwọn tó ṣe é wà, James Dixon & Sons, Sheffield. Ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ni Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1806 sì ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Dixon sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àmì sí ọ̀rọ̀ mi kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀tù ni mo ń wí, èyí tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn. Kì í ṣe ẹtu tí ọdẹ ń lé, kì í sì í ṣe ẹtù tó ń ké nínú oko. Àdó náà, àwọn oníròyìn ti gbé e lọ jìnnà: bọ́ǹbù ni wọ́n ń pè ní àdó olóró báyìí. Àdó tí mo ń sọ kéré, ó sì ti pẹ́ láyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, a fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé wa ní Iléṣà, a sì kó ẹrù yàrá Bàbá Àgbà síta. Lábẹ́ àpótí wọn la ti rí àpò awọ kan. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀: ti bàbà yìí, àti àdó gidi, akèrègbè kékeré ọlọ́rùn gígùn tí ọwọ́ àti èéfín ti sọ di dúdú. Mo mú ti bàbà lọ sí Ìbàdàn, mo fi èkejì sílẹ̀ pé mò ń bọ̀ wá mú un. Kí n tó padà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ti tà á fún àwọn tó ń yí ilé ká ra ohun àtijọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ó dùn mí wọra, ó sì ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, nítorí èmi ni mo fi í sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: ẹ̀tù kan ṣoṣo, kí ni ọkùnrin kan ń fi àdó méjì ṣe? Ìdí rẹ̀ ni mo ṣe wá.

Àǹtí ò mọ èsì rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí àdó bàbà yìí rí títí bàbá wọn fi kú ní 1974, nítorí ọmọdé ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan yàrá ọdẹ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n rántí. Bí wọ́n bá sùn sórí ẹní nínú pálọ̀, kí àkùkọ tó kọ, wọ́n á máa gbọ́ nǹkan kan látinú yàrá yẹn: tàkọ́. Á dákẹ́ díẹ̀. Tàkọ́. Ìyá wọn sọ fún wọn pé èkúté ló ń jẹ igi àjà. Àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn, ìyẹn bàbá mi, a máa kà á lábẹ́ aṣọ ìbora. Bó bá ti pé méjìlá, ilẹ̀kùn á ṣí, Bàbá á jáde pẹ̀lú ìbọn, ajá á tẹ̀ lé wọn.

Mo gbìyànjú láti tẹ ọ̀pá kékeré tó wà lórí àdó náà. Kò mira. Sípíríǹgì rẹ̀ ti dóògún, ó ti di mọ́ ibẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, Ilé-Ifẹ̀

Láàárọ̀, mo kọ́kọ́ dé Ẹnuwà, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Bàbà ló gbé mi débẹ̀. Nínú àwọn ère orí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, àwọn kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Bàbà náà ni wọ́n dà di ojú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, èyí tí wọn ò sin sílẹ̀ rí, tó wà láàfin láti ìran dé ìran. Ó lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti dà wọ́n. Bàbà tí a kò pò mọ́ nǹkan mìíràn ṣòro láti dà ju idẹ lọ, torí kì í ṣàn dáadáa. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á dúró pẹ́ níwájú iṣẹ́ àwọn baba wa.

Àwọn ará Sheffield ò da tiwọn. Bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ ọ̀ǹtẹ̀ irin, apá kan lẹ́ẹ̀kan, ajá àti ẹyẹ á yọ síta lára rẹ̀, wọ́n á wá fi lẹ́ẹ̀dì jó apá méjèèjì pọ̀. Mo fi èékánná tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ láti ọrùn dé ìdí. Kò sí ibi tó là.

Ìdí tí wọn ò fi lo irin yé gbogbo ẹni tó bá ti rí irin méjì tó gbá ara wọn lálẹ́. Iná a máa ta lára irin. Bàbà, idẹ, ìwo, awọ àti akèrègbè kì í ta iná. Ọdẹ Gẹ̀ẹ́sì lo ìwo màlúù kó tó lo bàbà, ọdẹ tiwa lo ìwo àti akèrègbè.

Ìyàlẹ̀ta ni mo wọ àgbẹ̀dẹ kan tí kò jìnnà sí Òkè Mògún. "Àrọ̀yè o!" "Ògún á gbè ọ́." Mo ṣàlàyé fún Bàbá Alágbẹ̀dẹ pé ọ̀pá rẹ̀ ló há. Wọ́n wò ó, wọ́n ní nǹkan kékeré ni, iná díẹ̀ á tú u sílẹ̀. Wọ́n nà án sí ọmọṣẹ́. Ẹwìrì ń mí, èédú ti pọ́n, ọmọ náà sì ti fi ẹ̀mú gbá ọrùn àdó náà mú. Bó ṣe ń gbé e bọ̀ lórí iná, Bàbá ní, "Dúró!"

Ọmọ náà dúró.

"Kí ló ń mì nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Iyanrìn ni, Bàbá." Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbọ́ ohun tó ń mì nínú rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ti sọ ọ́ di iyanrìn lọ́kàn mi.

"Ta ló sọ fún ọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n rọra gbé e jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó jìnnà sí iná. Wọ́n fi àkísà tútù di orí rẹ̀ mú, wọ́n yí i díẹ̀díẹ̀ títí orí náà fi ṣí. Ohun tó dà sórí ewé kókò kì í ṣe iyanrìn. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọn kan ti dì, àwọn kan ṣì dá wóro wóro bí hóró èso tẹ̀tẹ̀. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní kí èmi náà gbóòórùn rẹ̀: imí ọjọ́.

Wọ́n mú ìwọ̀n tí ìka méjì lè bù, wọ́n fi sórí òkúta, wọ́n ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn. Wọ́n na igi gígùn tí iná wà lẹ́nu rẹ̀ sí i. Fùùù! Iná pupa kan, èéfín funfun rọ̀gbọ̀dọ̀ kan, òkúta náà sì dúdú.

Láti 1974, ó kéré tán. Ẹ̀tù kì í kú bí ìrì àti omi ò bá ti kàn án. Mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn láàárín èèyàn mẹ́tàdínlógún. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù nílé mi fún oṣù púpọ̀. Ọmọ tó mú ẹ̀mú lọ́wọ́ yẹn kò ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Mo jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́.

Bàbá da ìyókù sínú garawa omi. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ABD. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀tù: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ funfun kan tí kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Iyọ̀ yẹn ló ń fún iná ní èémí. Bí omi bá ti yọ́ ọ kúrò, ohun tó kù kò ju ẹrẹ̀ dúdú lọ. Wọ́n fọ inú àdó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n gbé e sóòrùn, wọ́n sì kán epo mọ́tò sí ìdí ọ̀pá rẹ̀ pé kí n fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan náírà péré ni wọ́n gbà.

Bí irú nǹkan yìí bá wà nílé yín, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má gbé e sún mọ́ iná, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó o ní lẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, Iléṣà

Mo gba àdó mi láàárọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ti ń lọ, ó ń bọ̀, bó tilẹ̀ ṣì wúwo díẹ̀. Àǹtí ti lọ sọ́jà kí n tó padà délé, mo bá kó ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀ Iléṣà. Bí 30 kìlómítà ni. Òṣú la ti dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun.

Ní ilé wa, páànù tuntun ń dán, yàrá Bàbá Àgbà ti di ibi tí wọ́n ń kó àpò sìmẹ́ǹtì sí. Mo bi ọmọ tó ta akèrègbè náà bóyá ó lè rí ẹni tó rà á. Ó ní ọkọ̀ ni wọ́n gbé wá, wọn ò sì padà wá mọ́. Mi ò bá a jà. Ọmọ náà ò mọ̀, àwa àgbà ni a kò sọ fún un.

Lálẹ́, ọ̀rọ̀ ìbọn gba ẹnu gbogbo wa lábẹ́ àtíbàbà. Ìlú Ògèdèǹgbé la kúkú wà. Ẹnìkan ní ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí, tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́, ló yí ogun Kírìjì padà. Òótọ́ ni, ìbọn yẹn dẹ́rù ba Ìbàdàn. Àmọ́ èmi rò pé a máa ń gbàgbé ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà. Ìbọn oníkátíríìjì, bí kátíríìjì bá tán, igi lásán ni títí ẹrù á fi ti Èkó dé. Ṣakabùlà, ìbọn tí à ń ki láti ẹnu, ò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹ̀tù bá ti wà, tí òjé tàbí wóro irin bá wà, ó ń sọ̀rọ̀. Ogun náà gùn. 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ó sì di 1893 kí àgọ́ tó tú. Ẹ̀tù inú àdó ló bá wọn dé òpin rẹ̀.

Kí àgọ́ náà tó tú, ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní Brussels, wọ́n dí ọ̀nà ìbọn ìgbàlódé sí apá tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta tí à ń ki láti ẹnu àti ẹ̀tù ọjà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti bí 1860 sókè ni kátíríìjì ti ń lé àdó bàbà kúrò lọ́wọ́ ọdẹ wọn. Ohun tí wọ́n gbé kọ́ ògiri lọ́hùn-ún ló wá rí iṣẹ́ ṣe níbí. Aya arákùnrin mi kan ní ẹ̀gbọ́n ìyá Bàbá Àgbà, òṣómàáló tó ń ti Èkó kó aṣọ wá sókè, ló mú àdó náà bọ̀. Wọ́n ní gbèsè aṣọ ni ẹnìkan fi san.

Sátidé, lójú ọ̀nà Ìwàrà

Mo kọ ti òní gùn, torí òní ni mo rí ohun tí mo wá.

Bàbá Ọdẹ ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Abúlé wọn kò jìnnà sí Iléṣà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ bàjẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìdajì rẹ̀. Àwọn awakùsà góòlù ti hú ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, odò tó yẹ kó mọ́ ti pọ́n bí omi àmọ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń tún okùn àpò wọn rán.

"Àrìnpa o, Bàbá!"

"Ògún á gbè ọ́. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo dárúkọ Bàbá Àgbà. Wọ́n sọ abẹ́rẹ́ náà kalẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé àpò tẹ̀ lé Bàbá Àgbà nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, kí wọ́n tó gba ìbọn tiwọn. Wọ́n dìde, wọ́n sì fi oríkì wa kí mi láti òkè dé ilẹ̀. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí wọ́n fi parí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kì mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ yọ àdó náà, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ bóyá ìṣáná wà lápò mi. Mo ní kò sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọbòkun ti ń múná roko. Síbẹ̀, àwa ọdẹ máa ń béèrè." Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgbẹ̀dẹ fún wọn. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu wọn.

Wọ́n gba àdó bàbà náà, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "N ò rí èyí rí."

"Ọdún mẹ́sàn-án, Bàbá?"

"Ọdún mẹ́sàn-án. Akèrègbè ni mo mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́." Wọ́n dá a padà fún mi. "Wò ó dáadáa. Ibo ló ti jẹ lára?"

Mo gbé e sójú oòrùn. Mo ti wò ó fún ọdún kan gbáko, mi ò wò ó báyìí rí. Imú àwọn ajá yẹn ṣì mú ṣámúṣámú. Gbogbo ìyẹ́ ẹyẹ náà ṣì dá yàtọ̀. Inú òrùka tí okùn yẹ kó ti fá kò jẹ rárá. Ṣùgbọ́n etí ọ̀pá tí wọ́n ń fi àtàńpàkò tẹ̀ ti jẹ, ó ti dán, ó ti ní kòtò tó gba àtàńpàkò èèyàn gẹ́lẹ́. Mo fi tèmi sí i. Ó wọ̀ ọ́.

"Ohun tí wọ́n bá gbé kọ́ èjìká lọ sígbó, ara rẹ̀ á fá," ni Bàbá wí. "Èyí ò jáde nílé rí."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Bàbà a máa dán. Oṣù lè tàn sí i lára, àgbọ̀nrín á rí i kí o tó rí òun. Bàbà a máa dún bí ìdí ìbọn bá kàn án. Akèrègbè kì í fọhùn. Paríparí rẹ̀, bí iná bá ṣèèṣì wọ inú akèrègbè, á fọ́, á jó èèyàn. Bí iná bá wọ inú bàbà, bàbà fúnra rẹ̀ á di ọta. Wọ́n fi ìka hàn mí: ìka méjì ò sí lọ́wọ́ òsì wọn. Wọ́n ní kì í ṣe ti àdó, ìbọn ló bẹ́ sí àwọn lọ́wọ́ lọ́dún kan tí wọ́n kánjú rọ ẹ̀tù jù. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò bi wọ́n.

Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìbọn wọn àti ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde. Ìwé náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí. Òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn tí à ń ki láti ẹnu mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì ń fi ọ̀rá wé tiwọn kí òjò má bà á jẹ́. Wọ́n mú akèrègbè tiwọn náà jáde, àti ohun kan tí kò ju orí àtàńpàkò lọ: ṣóńṣó ìwo ẹtu tí wọ́n gé, tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì so okùn tín-ín-rín mọ́.

"Òṣùwọ̀n nìyí. Bàbá rẹ ló gé e fún mi lọ́jọ́ tí mo gba ìbọn."

A kì í da ẹ̀tù láti inú àdó tààrà sẹ́nu ìbọn. Wọ́n tún un wí lẹ́ẹ̀mejì. Iná kékeré lè ṣẹ́kù sínú ìbọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, kó sọ ẹ̀tù tó ń bọ̀ di ọwọ́ iná, kó sì gba ọwọ́ iná náà padà sínú àdó. Nítorí náà, à ń dà á sínú òṣùwọ̀n, à ń di ẹnu àdó, à ń gbé àdó sẹ́yìn, ká tó da ti inú òṣùwọ̀n sẹ́nu ìbọn. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè bú gbàmù bẹ́ẹ̀.

Ọkàn mi ti ń lù kìkì nígbà yẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní gaàrí?"

Ìyàwó wọn bu gaàrí wá, mo sẹ́ ẹ dáadáa kó lè kúnná bí ẹ̀tù. Mo dà á sínú àdó bàbà. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Èèyàn á fi ìka dí ẹnu rẹ̀, á dorí rẹ̀ kodò, á tẹ ọ̀pá yẹn. Ilẹ̀kùn kékeré kan á ṣí nínú ọrùn rẹ̀, ohun tó wà nínú á ṣàn kún ẹnu. Bí ó bá jọ̀wọ́ ọ̀pá, ilẹ̀kùn á padé. Á wá gbé e dúró, á mú ìka kúrò, ohun tó wà lẹ́nu sì ni òṣùwọ̀n, kò lé, kò dín. Ẹnu náà ṣe é fà gùn, ó ṣe é tì wọlé, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ń sọ bó ṣe ń gbà tó. Dram ni wọ́n fi ń kà á. Dram kan jẹ́ gíráàmù 1.77.

Mo fi sí 2½, mo dà á sínú ìwo ẹtu. Kò kún. Mo fi sí 3. Ó kún dà sílẹ̀.

Ibi tí mo bá a láti ọdún tó kọjá, ibi tí epo alágbẹ̀dẹ pàápàá ò tíì yẹ̀ ẹ́ kúrò, 2¾ ni. Mo dá a padà síbẹ̀. Mo fìka dí i, mo dorí rẹ̀ kodò, mo tẹ̀ ẹ́, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo dà á.

Gaàrí náà kún ìwo ẹtu dé etí. Kò ṣẹ́kù, kò dà. Bàbá tẹ orí ba, wọ́n fojú wò ó ní ìbú. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, àwọn fúnra wọn ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta.

Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ó wọn tèmi láti ara tirẹ̀. Kò sì sọ fún mi."

Ohun tí mo wá wádìí ti yé mi. Ti bàbà ni òṣùwọ̀n, ilé ló ń gbé. Akèrègbè ni arìnrìn-àjò. Bàbá Ọdẹ wá sọ ohun kan tó máa ń yà wọ́n lẹ́nu nígbà náà. Ní àárín òru, nínú òkùnkùn biribiri, Bàbá Àgbà á kàn sọ pé, "Ó ku mẹ́rin," tàbí, "Ó ku kan, ká yà sílé," láìṣí àdó wò, kì í sì í ṣì í. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rò pé oògùn ni.

Bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, wọ́n ki ìbọn náà kí n lè rí i. Ẹ̀tù, àkísà, ọ̀pá ìkìbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọta, àkísà. Ìgbà tí wọ́n ti kọjú ẹnu rẹ̀ sí kùkùté kan ni wọ́n tó dé kápù tó ń ta iná sí ẹ̀tù mọ́ ọn, tí wọ́n tó fa apátí sẹ́yìn. Ó dún, ilẹ̀ gbọ̀n, èéfín bo gbogbo wa. Wọ́n ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àwọn ti yìn ín kẹ́yìn. Ẹran ti sá fún ẹ̀rọ àwọn awakùsà.

Nígbà tí mò ń lọ, mo bẹ̀ wọ́n pé kí n ya àwòrán ìwo ẹtu náà. Wọ́n gbà. Mo ní kí wọ́n má tà á fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Sọ́ńdè, Ilé-Ifẹ̀

Gbogbo ọ̀nà láti Iléṣà ni mo fi ń ṣe ìṣirò. Méjìlá lọ́nà 2¾ jẹ́ dram 33, ìyẹn bíi gíráàmù 58. Ó kéré, akèrègbè kékeré á gbà á, àyè á tún ṣẹ́kù.

Àǹtí ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ti se ìrẹsì, ilé ń ta sánsán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, àyàfi ti kíkà. Mo da gaàrí sínú àdó bàbà, mo ní kí wọ́n jókòó sórí àga pálọ̀ kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé abọ́ kan sílẹ̀. Mo fìka dí ẹnu rẹ̀, mo dorí rẹ̀ kodò, mo tẹ ọ̀pá, mo jọ̀wọ́ rẹ̀.

Tàkọ́.

Mo da gaàrí sínú abọ́. Mo tún un ṣe. Pálọ̀ dákẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ohùn wọn láti òdìkejì ilẹ̀kùn, ohùn kékeré bíi ti ọmọdé, wọ́n ń kà. Mẹ́rin. Márùn-ún. Mi ò kánjú. Nígbà tí ó di méjìlá, mo ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n ti dìde dúró, wọ́n kọjú sí mi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní kí n gbé e wá, wọ́n sì fi àtàńpàkò wọn sínú kòtò ọ̀pá náà.